Róbọ́ọ̀tì Ọlọ́wọ́ Òsì Méjì

Mo ti gbé róbọ́ọ̀tì ìṣeré tí mo rà dúró sórí tábìlì, mo ti sún sẹ́yìn kí n lè wò ó dáadáa, kó tó yé mi pé ọwọ́ òsì méjì ló ní. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń ṣe mí. Mo yí ọwọ́ náà síwájú, mo yí i sẹ́yìn, àtàǹpàkò rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Ẹni tó tò ó pọ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é ti na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ti fi ọwọ́ òsì dí ihò ọwọ́ ọ̀tún. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi retí róbọ́ọ̀tì yìí. Mo ti san owó rẹ̀ pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é rárá.

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, inú bí mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe: mo lọ mú sukurudiráfà.

Èrò mi ni pé bí mo bá tú ọwọ́ náà wò, mo lè rí ọgbọ́n kan dá sí i. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé sukúrù inú ọ̀pọ̀ ohun ìṣeré tó wá láti Jàpáànù kì í ṣe irú èyí tí sukurudiráfà Phillips tó wọ́pọ̀ nílé ń tú. Ojú wọn jọra, àgbélébùú ni méjèèjì, àmọ́ ìwọ̀n JIS ti ilẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n fi gbẹ́ ti ohun ìṣeré náà, ẹnu Phillips kì í sì í wọ ihò rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí èèyàn bá fi agbára yí i, ńṣe ló máa ń fò jáde, á máa họ orí sukúrù náà díẹ̀díẹ̀ títí ihò náà á fi di róbótó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kí n tó kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi, orí sukúrù ti jẹ, ejìká róbọ́ọ̀tì ti ha. Mo ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò bó ṣe wà, mo fi ránṣẹ́, torí mo gbà pé òtítọ́ inú á gbà mí.

Èsì wọn ò gùn: “Ó hàn nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ pé ẹ ti tú ohun ìṣeré yìí. Ẹ má bínú, a ò lè pààrọ̀ rẹ̀.”

Mo dì wọ́n sínú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ara mi wálẹ̀, mo wá fi ara mi sípò ẹni tó ka ìwé mi. Kò mọ̀ mí rí. Ó ṣeé ṣe kó má tiẹ̀ fojú kan róbọ́ọ̀tì náà rí, torí nínú páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pa ló wọlé sọ́dọ̀ wọn, nínú páálí yẹn kan náà ló sì ti jáde. Kí ló fẹ́ fi mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo yọ ọwọ́ òsì lára òmíràn tí mo ní nílé, tí mo fi há a síbẹ̀? Àwọn kan kúkú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ra tuntun, wọ́n á fi èyí tó ti bà jẹ́ lọ́wọ́ wọn sínú páálí rẹ̀, wọ́n á ní ọjà burúkú ni wọ́n tà fún àwọn. Ẹni tó ń dájọ́ ọ̀rọ̀ mi ò sí nínú yàrá tí mo wà. Kò lè gbé róbọ́ọ̀tì náà lọ́wọ́, kò lè gbọ́ ohùn mi, kò lè wo ojú mi. Ohun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀ nìkan ló ní, ohun tí mo sì gbé síwájú rẹ̀ ni sukúrù tó jẹ.

Róbọ́ọ̀tì yẹn ò ní ìpààrọ̀ títí di òní. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni mo fi kọ́ṣẹ́.

Ní báyìí, mi kì í fi ọ̀bẹ kan páálí láìjẹ́ pé fóònù mi ti ń ya fídíò. Mo máa ń gbé fóònù náà síbi tó ga díẹ̀, lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ kedere, kí ọwọ́ mi méjèèjì lè ráyè. Màá fi ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà páálí náà hàn, màá fi àdírẹ́sì ara rẹ̀ hàn, màá fi sẹ́lótéèpù tí ẹnikẹ́ni ò tíì gé hàn, kí n tó gé e. Láti ibẹ̀ títí màá fi ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ tán, fídíò náà ò gbọdọ̀ dúró. Bó bá dúró lẹ́ẹ̀kan péré, ẹni tó ń wò ó lè béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín kan. (Fídíò àkọ́kọ́ tí mo yà, àtàrí èmi alára ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú mi ti dùn jù, mo sì tẹ̀ síwájú jù.)

Kíka yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère ìṣeré tí àgbàlagbà ń kó jọ lóde òní kì í dá wá. Wọ́n á ní ọwọ́ ìpààrọ̀ bíi mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á ní ojú ìpààrọ̀, idà, ìbọn, àti ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n á máa dúró lé. Àwòrán gbogbo rẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn páálí tàbí nínú ìwé ìlànà, ìyẹn ni mo sì fi ń kà á. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí kì í ṣí tirẹ̀. Ó ní páálí tí a ò ṣí ló níyì, nítorí náà ńṣe ló máa ń tò wọ́n jọ bí ìwé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó ṣí ọ̀kan nítorí ó fẹ́ tà á, ó sì bá ojú ihò kan tó ṣófo níbi tó yẹ kí idà wà. Ta ló fẹ́ ké sí? Ẹni tó tà á fún un ti gbàgbé rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti kúrò lórí èyí, ó ti bọ́ sórí nǹkan mìíràn. Mi ò bá a jà o, olúkúlùkù ló mọ ohun tó ń wá nínú ìṣeré yìí. Èmi ń ṣí tèmi.

Lẹ́yìn kíkà, oríkèé ló kàn. Jẹ́jẹ́ ni mo ń yí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún lè ti ṣàn wọ inú oríkèé kí ó tó gbẹ, tí á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹni tó bá fi tipátipá yí i á gbọ́ “kẹ́”, èèkàn kékeré inú rẹ̀ ti dá nìyẹn, ilé iṣẹ́ á sì ní ọwọ́ oníbàárà ló ṣẹ́ ẹ. Bí oríkèé kan bá kọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ni mo ń fẹ́ sí i díẹ̀ kí ike náà lè rọ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí títú, nítorí kò fi àpá sílẹ̀. Bó bá ṣì kọ̀, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kọ̀wé.

Àmọ́ kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé ìlànà. Ojú tì mí gidi gan-an nígbà kan. Orúnkún ère kan kò ká, mo kọ ìwé gígùn, mo ní iṣẹ́ jàndùkú gbáà ni. Ẹni tó dá mi lóhùn fi àwòrán kan ṣoṣo ránṣẹ́ láti inú ìwé ìlànà tó wà nínú páálí mi: ọ̀rá tín-ín-rín kan tó mọ́ gaara ni wọ́n fi sí àárín orúnkún kí ọ̀dà má baà ha lójú ọ̀nà. “Ẹ bá wa yọ ọ̀rá yìí, ẹ ṣeun.” Kò fi mí ṣẹ̀sín, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Èdè tí mi ò gbọ́ ni wọ́n fi kọ ìwé ìlànà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán kì í sọ èdè.

Irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ tún fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi nítorí idà tó dé ní kíká. Ike PVC ni wọ́n sábà fi ń ṣe àwọn ohun ìjà tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń rọ̀ bí ooru bá mú un nínú ọkọ̀ tàbí nínú ilé ìkẹ́rùsí. Bó bá rọ̀ tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ká, á sì gan bẹ́ẹ̀. Omi gbígbóná ló ń tọ́ ọ: kì í ṣe omi tó ń hó o, èyí tó gbóná tó láti mú un rọ̀ ni. Ẹ tì í bọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ tọ́ ọ sọ́nà, ẹ sáré tì í bọ omi tútù kó lè dúró bẹ́ẹ̀. Mi ò tún béèrè ìpààrọ̀ irú èyí mọ́. Bákan náà ni mi ò béèrè nítorí ọ̀dà tó kọjá ààlà níwọ̀n ìka eèrà. Bí mo bá ní láti fi awò wá àléébù kan kí n tó rí i, mo ti pinnu pé kò sí níbẹ̀. Àwọn kan nínú wa ò ní gbà pẹ̀lú mi.

Ìwé kíkọ wá ni iṣẹ́ gan-an. Ìwé tí mo kọ nítorí ère kejì tó dé pẹ̀lú ọrùn tó ti là ṣì wà lọ́wọ́ mi, ojú ewé kan àtààbọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ ère náà láti kékeré, mo sọ bí mo ṣe retí rẹ̀ tó, mo sọ ohun tí mo rò nípa ilé iṣẹ́ wọn àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó tó ìlà kejìdínlógún kí ọ̀rọ̀ ọrùn tó jẹ yọ. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọn ò fi fèsì, nígbà tí wọ́n sì fèsì, wọ́n béèrè nọ́ńbà ọjà tí mo rà, èyí tí mo gbàgbé láti kọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn ka ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àbúrò, ẹni tó ka ìwé yìí ṣì ní ọgọ́rùn-ún mìíràn láti kà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í ṣe òun ló la ọrùn náà. Sọ ohun tó máa ṣe fún ẹ, kó lè ṣe é, kó sì bọ́ sórí ti ẹlòmíràn.”

Ìgbà yẹn ni ìwé mi di kékeré. Ìkíni kan, nọ́ńbà ọjà, orúkọ ohun ìṣeré náà bó ṣe wà lára páálí, ọjọ́ tó dé, ohun tó ṣe é ní gbólóhùn kan, ohun tí mo ń fẹ́ ní gbólóhùn kan. Ohun tí mo ń fẹ́ yìí ni mo máa ń fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí mo rò pé ó yẹ kó yé wọn. Kò yé wọn. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “inú mi ò dùn” á rí “ẹ má bínú” gbà. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún kan ránṣẹ́, bí kò bá sì sí, ẹ dá owó mi padà” ti fún wọn níṣẹ́ ṣe. Mo máa ń so fọ́tò mẹ́ta mọ́ ọn: ọ̀kan fi gbogbo ara ère náà hàn, ọ̀kan sún mọ́ ojú àléébù náà, ọ̀kan fi nọ́ńbà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára páálí hàn. Nọ́ńbà yẹn lè sọ ọ̀wọ́ tó wà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn mìíràn nínú ọ̀wọ́ yẹn bá sì ti ń ráhùn lórí ohun kan náà, ọ̀rọ̀ mi ti yanjú kí wọ́n tó wo fídíò. Fídíò ńkọ́? Mo kàn ń sọ fún wọn pé ó wà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í tiẹ̀ béèrè rẹ̀.

Ọ̀wọ́ yìí náà ló fi ojú mi rí màbo nígbà kan. Ẹsẹ̀ ère kan kò lè gbé e dúró, oríkèé ìdí rẹ̀ ti tú jù. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata. Èyí tuntun dé, òun náà wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀. Ìkẹta náà wó. Ara irin tí wọ́n ń da ike ẹsẹ̀ náà sí ni àṣìṣe wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó tò ó, nítorí náà bí wọ́n bá fi ọgọ́rùn-ún pààrọ̀ ọgọ́rùn-ún, bákan náà ni wọ́n á rí. Ọ̀ràn ọwọ́ òsì méjì yàtọ̀ sí èyí. Àṣìṣe ẹnì kan ní ọjọ́ kan nìyẹn, ìpààrọ̀ á sì tún un ṣe. Kí n tó béèrè ìpààrọ̀ ní báyìí, mo kọ́kọ́ ń wádìí lọ́wọ́ àwọn tó ra irú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bó ṣe ń ṣe gbogbo wa nìyẹn, owó mi ni mo ń gbà padà, tàbí kí n fi ọ̀dà tó mọ́ gaara kun inú oríkèé náà fúnra mi kó lè nípọn díẹ̀, kí n sì gbà pé ẹjọ́ ti parí.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé kì í ṣe gbogbo bíbàjẹ́ ló jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó ṣe é. Páálí kan dé sọ́dọ̀ mi bí ẹni pé ẹṣin jókòó lé e. Ère inú rẹ̀ ti ṣẹ́ ní ẹsẹ̀. Mo kọ̀wé sí olùtajà, ó ní kí n tọ́jú páálí ìta, pé àwọn tó gbé ẹrù wá máa fẹ́ wò ó. Mo ti fi í sínú ìdọ̀tí. Kò sí páálí, kò sí ẹ̀rí pé ọ̀nà ló ti bà jẹ́. Olùtajà náà ṣàánú mi lápá kan, ó dá ìdajì owó padà. Ohun tí a bá fi ìfìwéránṣẹ́ ti ìjọba ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tó ní nọ́ńbà ìtọpinpin bíi ti ẹrù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìlànà Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé gbà kí èèyàn béèrè nípa rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ máa rí nọ́ńbà náà lára rẹ̀: lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, lẹ́tà méjì tó ń sọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ni wọ́n sábà ń dá lóhùn, kì í ṣe ẹni tó gbà á, torí náà olùtajà ni kí ẹ bẹ̀ kó béèrè.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló gba owó lọ́wọ́ mi jù, ibẹ̀ ni màá sì ti dúró díẹ̀. Olùtajà kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Ère tó tà fún mi kò ní ojú ìpààrọ̀. Ó ní mo jàre, ó ní òun ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́, ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ó ní wọ́n ti ń kó o bọ̀. Oṣù kan pé, ó ní àwọn aṣọ́bodè ló dá a dúró. Mi ò fẹ́ ṣe bí aláìnísùúrù. Ọjọ́ tí mo wá lọ fi ẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ tí mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ sanwó ni mo rí i pé àkókò ti kọjá. PayPal, fún àpẹẹrẹ, fún èèyàn ní 180 ọjọ́ láti fi ẹjọ́ sùn, àmọ́ ọjọ́ tí owó kúrò lọ́wọ́ ẹni ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹrù dé. Ẹ wá fi ìyẹn wo ohun ìṣeré tí a ń san owó rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Oṣù mẹ́jọ ni róbọ́ọ̀tì mi fi wà lọ́nà. Kí ó tó fẹsẹ̀ kan ilé mi, ọjọ́ ti tán. Bí mi ò bá tiẹ̀ mú sukurudiráfà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ì bá ṣẹ́ kù fún mi ni àánú olùtajà.

Látìgbà náà, ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í gba owó títí ọjà á fi fẹ́ jáde ni mo ti ń rà, àyàfi bí ohun náà ò bá sí níbòmíràn. Bí mo bá sì ń bá olùtajà sọ̀rọ̀ ìpààrọ̀, mo máa ń kọ ọjọ́ ìkẹyìn sórí ìwé mi, mo sì máa ń sọ ọ́ fún un láìfi ìbínú sọ ọ́: “Bí kò bá tíì dé ní ọjọ́ báyìí, màá ní láti fi ẹjọ́ sùn kí àkókò má baà lọ. Ẹ má ṣe bínú sí mi.” Kò sí ẹni tó tíì bínú. Àwọn tó ń ṣe dáadáa mọ ìdí rẹ̀, àwọn tó ń fi ọgbọ́n dá mi dúró sì mọ̀ pé mo ti mọ̀.

Òfin náà wà, ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ni kó mọ̀ ọ́n. Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, olùtajà ló ń dáhùn fún àléébù ọjà tuntun, ó kéré tán fún ọdún méjì. Àléébù tó bá sì yọjú láàárín ọdún kìíní, òfin gbà pé ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àfi bí olùtajà bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Bírítéènì, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 fún èèyàn ní 30 ọjọ́ láti kọ ọjà alábùkù kó sì gba owó rẹ̀ pé. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn olùtajà kan á sọ fún yín pé kí ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Wọ́n sọ fún èmi náà rí. Ẹni tí mo fún lówó ni mo mọ̀.

Dídá a padà náà ní tirẹ̀. Ìgbà kan, mo dá ère kan padà sí orílẹ̀-èdè tó ti wá, mo sì kọ “ohun ìṣeré” péré sórí ìwé aṣọ́bodè. Wọ́n gba owó ibodè lọ́wọ́ olùtajà bí ẹni pé ọjà tuntun ló ń rà lọ́dọ̀ mi, òun náà sì yọ ọ́ nínú owó tó yẹ kó dá padà. Lórí ìwé CN22 tàbí CN23 tí ìfìwéránṣẹ́ ń lò, àyè wà láti fi àmì sí i pé ọjà tí a ń dá padà ni. Àmì kékeré. Ẹ fi síbẹ̀. Kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó na kọ́bọ̀ lórí ìfìránṣẹ́ bóyá wọ́n tiẹ̀ fẹ́ ẹ padà, torí owó ọ̀nà lè ju ohun tí ère alábùkù wúlò fún wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ló ti sọ fún mi pé kí n máa mú un lò. Dúrọ́ọ̀ mi kan kún fún àwọn ọlọ́wọ́ kan àti ẹlẹ́sẹ̀ kan báyìí, inú wọn ni mo sì ti ń yọ ẹ̀yà ara fún àwọn mìíràn.

Ẹni tó bá ń ra ohun ìṣeré àtijọ́ ò gbọdọ̀ fi ojú kan náà wò ó. Àwọn ère ọmọ ogun G.I. Joe kékeré tó jáde láti 1982 ní òrùka rọ́bà kan nínú ìbàdí tó di òkè àti ìsàlẹ̀ mọ́ra. Bó bá ti gbó, ó máa ń já, ère náà á sì túká sí ọ lọ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù, ọjọ́ orí ni, òrùka mìíràn ló sì ń fẹ́. Àmọ́ àwọn róbọ́ọ̀tì Transformers kan wà láti ìparí àwọn ọdún 1980 sí àwọn ọdún 1990, tí wọ́n fi ike aláwọ̀ góòlù tó ń dán ṣe, tí ike náà ń fọ́ fúnra rẹ̀ bí èèpo ẹyin. Mo béèrè ìpààrọ̀ ọ̀kan rí lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi. Ó fi òmíràn ránṣẹ́ tọkàntọkàn. Ó fọ́ kí n tó yọ ọ́ tán nínú ọ̀rá.

Ìpààrọ̀ kan tí mo máa ń rántí kì í ṣe tèmi, ìtàn ni. Ní 1979, ilé iṣẹ́ Kenner ní Amẹ́ríkà polówó ère Boba Fett, ẹnì kan nínú fíìmù Star Wars, pé rọ́kẹ́ẹ̀tì á máa ta jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra ère mẹ́rin á fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́, ti Boba Fett á sì bá a nílé. Kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́, wọ́n rí i pé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lè ṣe ọmọdé ní jàǹbá, wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Wọ́n fi ìwé kékeré kan sínú rẹ̀ tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe, tó sì sọ pé bí kò bá tẹ́ èèyàn lọ́rùn, kó sọ fún àwọn, àwọn á fi èyíkéyìí tó bá wù ú nínú àwọn ère náà pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ráhùn ni wọ́n ti kọ ọ́. Mo ti ra ohun ìṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò tíì bá mi nínú páálí kankan rí.

Róbọ́ọ̀tì mi ṣì wà lórí pẹpẹ. Idà rẹ̀ gba ọwọ́ méjèèjì, ó sì dì í mú bí ẹni tó fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù. Mo ti gbìyànjú láti má wò ó mọ́, kò ṣeé ṣe. Ohun tí mo ń rò ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ni pé bí ẹni tó tò ó lọ́jọ́ náà bá fún èmi ní ọwọ́ òsì méjì, ẹnì kan wà níbì kan tí tirẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún méjì. Mo ṣì ń wá a. Mo kàn ń gbàdúrà pé kò tíì fọwọ́ kan sukúrù náà.